Ibi Tí Rọ́ọ̀gì Ṣọ́ọ̀ṣì Wa Gbà Lọ

Ní ìlú Dalton tiwa níbí, ẹni tí kò bá hun rọ́ọ̀gì, ẹni tó ń hun ún ló fẹ́. Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi Darlene Pruitt yàtọ̀ díẹ̀. Òun ló ń tọpa rọ́ọ̀gì ilé iṣẹ́ wọn látorí òwú títí dọjọ́ tó bá gbó: kí ni wọ́n fi ṣe é, yóò ti pẹ́ tó, ibo ni yóò gbà lẹ́yìn náà. Royce Tidwell, díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wa, ni ọ̀gá tó fi í sípò yẹn.

Darlene ló bá wa sọ̀rọ̀ tí a fi ra rọ́ọ̀gì tuntun lọ́wọ́ wọn. Ó ní ká dá ti àtijọ́ padà, wọn yóò tú u, wọn yóò fi òwú rẹ̀ hun òmíràn. Àwọn ìyá àgbà kò kọ́kọ́ gbà, torí orí rọ́ọ̀gì yẹn ni wọ́n ti kúnlẹ̀ sunkún òkú wọn. Darlene fi ọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, wọ́n sì gbà. Royce gbàdúrà sórí rọ́ọ̀gì àtijọ́ náà kí a tó ká a sínú ọkọ̀, a sì ṣe àmín.

Lọ́jọ́ Àìkú tí àwọn ará ìjọ tó ti kó lọ máa ń padà wá bá wa jẹun lábẹ́ igi, Wendell, ìbátan Darlene tó ń wa ọkọ̀ ilé iṣẹ́ náà, ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé rọ́ọ̀gì wa àtijọ́ wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ wa lọ, pé ẹ̀yìn òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kán nígbà tí òun ń jù ú sí kòtò ìdọ̀tí. Ó rò pé Darlene mọ̀. Ó ní wọ́n ti pa ẹ̀rọ tó ń tú òwú nílé iṣẹ́ náà tipẹ́.

Darlene gbé àwo adìẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ bá Royce. Mo tẹ̀ lé e.

"Díákónì, ṣé ẹ mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń gbàdúrà yẹn?"

"Darlene, jẹun jàre. Rọ́ọ̀gì tuntun ṣáà ti wà nílẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi rán mi sí àwọn ìyá àgbà?"

"Ta ni kí n rán? Èmi ni wọ́n máa gbà gbọ́ ni? Ìwọ ni wọ́n fẹ́ràn. Ìdí tí mo fi fún ẹ níṣẹ́ nìyẹn."

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun mọ́.

Darlene tọ Màmá Ouida lọ, ẹni tó dàgbà jù nínú wa, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Òní yìí ni, Màmá."

Màmá fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bí Royce náà ṣe máa wí nìyẹn."