Ẹ Yin Ìtàn Moríkẹ́, Ẹ sì Sin Ín Láìbéèrè

Moríkẹ́ ti kú. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú omi, nídìí òpó tó gbé ilé òun àti ọkọ rẹ̀ dúró ní Ugbonla, kí oòrùn sì tó mú, wọ́n ti sin ín sí etí omi. Àwọn àgbà ní ẹni tí omi bá gbé, wọn kì í gbé e wọlé, wọn kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò. Omi ló gbé e, ó parí.

Omi wo? Moríkẹ́ tó ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó mọ ìwé kà? Ìyá kan tó bá wọn gbé e jáde sọ̀rọ̀ sí mi létí: “Ojú ìka ènìyàn wà lọ́rùn rẹ̀, ọma mi. Má dárúkọ mi o.” Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀rù tó ń ba òun ń ba èmi náà.

Olùkọ́ ni Moríkẹ́, òǹkọ̀wé sì ni. Á jókòó sí èbúté, á ti ẹsẹ̀ bọ omi, á máa ka ìtàn rẹ̀ fún àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀, á sì máa fi èèpo edé ju ẹni tó bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Áà, mo fẹ́ràn rẹ̀!

Nínú ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde, apẹja kan ní Molutehin máa ń gbé àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ wọ yàrá lẹ́yìn tó bá ti na ìyàwó rẹ̀ tán. Ilé wọn dá dúró lórí omi. Obìnrin náà lè lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ò lè lúwẹ̀ẹ́. Àwọn aládùúgbò á kọjá, wọ́n á rí ọkọ̀ tí kò ní àjẹ̀, wọ́n á ní ọkùnrin yẹn mà mọ ẹrù ṣọ́, olè ò lè rí tiẹ̀ gbé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ìwé náà jáde ní Àkúrẹ́, ọ̀mọ̀wé kan dìde. Ó ní, “Arábìnrin, ojú inú yín mà jinlẹ̀ o! Níbo lẹ ti rí ti àjẹ̀ yẹn?”

Moríkẹ́ ní, “Nílé ni, sà.”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n ìwé ìtàn àròsọ ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ kú iṣẹ́! Obìnrin tí wọ́n ń lù nínú ìwé, ẹ ti sunkún rẹ̀, ẹ ti fi gboyè. Èyí tó dúró níwájú yín ńkọ́?

Moríkẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú ojú wíwú. Èyí tó bá níbẹ̀ ní, “Ṣebí ìwọ lo máa ń kọ ìtàn? Lọ kọ èyí náà kún un.” Ṣé owó oṣù ni ìjọba ń san fún irú ẹnu yẹn?

Ní báyìí, Happiness, àbúrò rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ni ẹbí mú lọ sílé Olówòkéré, ọkọ Moríkẹ́, pé kó máa tọ́jú ọmọ tí Moríkẹ́ fi sílẹ̀. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́nu pé yóò rọ́pò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pè mí: “Àǹtí, ẹ má pè mí mọ́. Ó ń yẹ fóònù mi wò.” Láti ìgbà náà mi ò gbúròó rẹ̀. Olówòkéré fúnra rẹ̀ pàdé mi ní èbúté, ó rẹ́rìn-ín sí mi. “Wọ́n ní ẹ ń kọ nǹkan nípa wa, Àǹtí. Ẹ rọra o.” Mi ò tíì sùn dáadáa látìgbà náà.

Mò ń kọ ọ́ náà. Ẹ hú òkú Moríkẹ́, kí dókítà yẹ ọrùn rẹ̀ wò. Kí wọ́n bi Olówòkéré ní ibi tó wà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Kí ọlọ́pàá tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ níwájú adájọ́. Kí àwọn àgbà tó ní ká tètè sin ín sọ ẹni tí wọ́n ń bò láṣìírí.

Gbogbo ìyẹn lè dúró dọ̀la. Happiness ò lè dúró. Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ lónìí, ẹ lọ mú un jáde nílé yẹn, nígbà tó ṣì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.