Fréjọ̀n Ìyá Ọkọ Mi

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ilé ọkọ ni mo ti mọ fréjọ̀n. Ẹ̀wà ni, tí wọ́n sè, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n wá fi oje àgbọn àti ṣúgà ro lórí iná títí yóò fi ki. Ìyá ọkọ mi, ọmọ Àgùdà láti Erékùṣù Èkó, kì í sè é àfi ní Gúúdù Fúráìdé. Ìyá ìyá rẹ̀ tó ti Bùràsíìlì dé ló kọ́ ọ. Láti ìgbà tó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Festac, gbogbo ọmọ inú búlọ́ọ̀kù wa ló ń gbé abọ́ wá lọ́jọ́ náà, Màmá á sì bù ún fún wọn fúnra rẹ̀.

Ohun tí wọ́n sọ fún un ní kékeré ni pé orúkọ ọ̀fọ̀ Olúwa ni fréjọ̀n ní èdè àwọn baba rẹ̀. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Àfi èmi alákọ̀wé tí mo lọ bi ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa léèrè nípa orúkọ náà, ẹni tó ti gbé Sípéènì rí. Ohun tó sọ fún mi kò jẹ́ kí n lè pa ẹnu mi mọ́.

Ní Gúúdù Fúráìdé ọdún yẹn, Màmá ń ṣàlàyé orúkọ náà fún àwọn àlejò wa nídìí oúnjẹ, ni mo bá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú o. Ẹ̀wà làwọn Potogí ń pè ní feijão. Àwọn Sípéènì ń pè é ní frijol, òyìnbó tiwa ní bíǹsì. Ẹ̀wà ṣáá ni!”

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

“Ẹ̀wà ṣáá ni?” Màmá bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹyin lohùn, mo sì ti jẹ́ kó bọ́. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, ojú ń tì mí gan-an. Ó ní òun ò bínú, pé òótọ́ ni mo sọ. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Nígbà tí Gúúdù Fúráìdé mìíràn ń bọ̀, mo lọ ra àgbọn ńláńlá ní ọjà Agboju, mo rẹ ẹ̀wà sómi, mo ń gbàdúrà pé kí Màmá ṣáà se fréjọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Màmá da epo àti ata sí ẹ̀wà náà, ó sè é bí a ti ń sè é lójoojúmọ́. Kò fọwọ́ kan àgbọn.

“Ìyàwó mi, wá jẹun,” ló wí. Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn. Àwọn ọmọ búlọ́ọ̀kù ni, tàwọn ti abọ́ lọ́wọ́.

“Ẹ káàsán, Mà. A wá gba fréjọ̀n.”

Mi ò lè sọ fún wọn ohun tí mo ṣe. Mo ní ara Màmá ò yá. Màmá jókòó lẹ́yìn mi ní pálọ̀, kò sí ohun tó ṣe é, ó sì gbọ́ irọ́ náà ketekete.

Ó húkọ́ díẹ̀, kí àwọn ọmọ náà lè gbọ́.