Ọjọ́ Tí A Fi Oúnjẹ Dá Ìgbìmọ̀ Lóhùn

Àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú ni, ní ìgbà tí wọ́n ń fi kòbókò kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà ní gáréèjì. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kékeré kan tó wà nílùú wa, kò jìnnà sí odò Ọ̀fìkì. Ẹ má wulẹ̀ wá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kiri, kò sí mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí ojú mi máa ń le nígbàkigbà tí ìjọba bá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé gíga, ìdí rẹ̀ nìyí. Mo ti rí ìgbìmọ̀ rí. Èmi náà wà níbẹ̀ tí a ń bu oúnjẹ fún wọn.

Lóòótọ́, àwọn olóṣèlú ló dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú ló kọ́ ọ. Ìjọba kó páànù àti sìmẹ́ńtì wá, wọ́n rán olùkọ́ díẹ̀ tẹ̀lé e, ó parí. Gbogbo ìyókù, ọ̀wẹ̀ ni. Àwọn àgbẹ̀ á kó ṣọ́bìrì àti ọkọ́ jáde lọ́jọ́ tí wọn ò bá lọ sóko, àwọn ìyá wa á ru omi, àwa á ru òkúta. Ilẹ̀ tí a kọ́ ọ sí, ilẹ̀ iṣu Bàbá Rábí ni. Bàbá Rábí kò mọ̀wé, àgbẹ̀ pọ́ńbélé ni, ẹni jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Nígbà tí ìlú ń wá ilẹ̀ tí kò rí, òun ló dìde ní àgbàlá Baálẹ̀ tó ní kí wọ́n gba tòun. Ó ní òun fẹ́ kí Rábíátù ọmọ òun kàwé níbi tí òun á ti máa rí i.

Rábíátù yìí, Rábí ni gbogbo wa ń pè é. Wọ́n ti tọrọ rẹ̀ fún ọkọ láti Òtù kó tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì rárá. Bàbá rẹ̀ bá àwọn àna ṣàdéhùn pé kí wọ́n ní sùúrù, kó gba ìwé ẹ̀rí tíṣà ná kí wọ́n tó so yìgì. Àwọn yẹn gbà, torí ilé ni ọmọ wà, wọ́n lè yọjú wò ó nígbà tó bá wù wọ́n. Gbogbo àdéhùn náà dúró lórí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì wà nílé. Bí wọ́n bá fi lè gbé e kúrò, àdéhùn fọ́ nìyẹn. Rábí mọ èyí ju gbogbo àwa tí ń pariwo ẹgbẹ́ lọ, ó sì ku ọdún kan péré kó di tíṣà.

Ìjọba tuntun ní owó kò sí. Rédíò ń tún un sọ ṣáá pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ti pọ̀ jù, pé wọ́n fẹ́ da àwọn kéékèèké pọ̀ mọ́ àwọn ńlá tó wà ní ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n tó ṣe ìpinnu, ìgbìmọ̀ kan yóò lọ káàkiri láti gbọ́ ohùn àwọn ará ìlú. Ọ̀rọ̀ yìí la dì mú ṣinṣin. Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn wa, ohùn kì í ṣe ohun tó wọ́n wa.

A ṣèpàdé lábẹ́ igi máńgòrò iwájú yàrá ìkàwé. Àwọn kan ní ká gbé páálí lọ pàdé ìgbìmọ̀ lójú títì, ká máa kọrin. Àwọn àgbà ìlú tó wà níbẹ̀ ní rárá, pé ìyẹn kò bójú mu, ààfin Baálẹ̀ ni a ó ti sọ̀rọ̀. A fẹnu kò pé Baálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà èmi, lẹ́yìn náà Rábí ní orúkọ àwọn obìnrin. Rábí há tirẹ̀ sórí. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn kíláàsì tó ń dá sọ ọ́.

“Ẹ ń rán tíṣà sí wa láti ìlú ńlá,” ló máa ń wí. “Wọ́n á dé, wọ́n á rí eruku, wọ́n á wá ọ̀nà àtilọ. Àwọn ọmọ á sì jókòó sí kíláàsì láìsí ẹni tí yóò kọ́ wọn. Àwa tí wọ́n bí síbí kò ní lọ. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀kọ́ wa síbí, ká lè kọ́ àwọn àbúrò wa.”

Títí di òní olónìí, mi ò tíì gbọ́ àlàyé tó ju ìyẹn lọ lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

“Bọ̀dá Gàní,” ó bi mí, “tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú wọn ńkọ́?”

“Sunkún, kí o sì máa sọ ọ́ lọ.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á gbìyànjú.

Nílùú wa, bí àlejò bá ti ọ̀nà jíjìn dé, omi la kọ́kọ́ ń fún un. Oúnjẹ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ omi ìwẹ̀ àti ẹní tí yóò sùn sí. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ara ti tù ú, kí a tó bi í pé kí ló gbé e wá, kí a sì tó sọ èyí tó ń dùn wá. Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ síwájú àlejò tí kò tíì sinmi, ńṣe ló ń lé e lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ wa, báyìí la ṣe ń gba ẹni gbogbo, Fúlàní darandaran, oníṣòwò Haúsá, àna. Kò sí ẹni tó rò ó pé àlejò kan lè wá láti gbọ́ ẹjọ́ kó sì má sùn.

Ìgbìmọ̀ dé kó tó di ìrun Àìlà, nínú ọkọ̀ tí eruku pupa ti bò. Baálẹ̀ ti ní kí wọ́n gbá yàrá mọ́, kí wọ́n tẹ́ ẹní, kí wọ́n pọn omi sínú àmù. Wọ́n ti pa àgbò. Iyán ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbóná fẹlifẹli. Baálẹ̀ kí wọn, ó ṣàdúrà fún ìrìn àjò wọn, ó bèèrè àlàáfíà ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Alága ìgbìmọ̀, ọkùnrin kan tó sanra tó wọ kóòtù láìka ooru sí, ń mi orí, ó ń wo aago. Ó sọ pé àwọn wá gbọ́ èrò ìlú lórí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

“Ẹ óò gbọ́ ọ,” Baálẹ̀ dá a lóhùn. “Ẹ jẹun ná.”

Mo rí i pé ọkùnrin náà tún wo aago. Mo sún mọ́ Baálẹ̀ lẹ́yìn, mo dọ̀bálẹ̀, mo rọra ní, “Baálẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń kánjú. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ báyìí.”

Kò wo ẹ̀yìn. “Gàníyù, ṣé ìwé tí o kà ló gba ìwà lọ́wọ́ rẹ? Lọ́la, tí wọ́n bá mu ẹ̀kọ àárọ̀ tán, wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀ wa títí tí yóò fi sú wọn.”

Ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí yẹn ni mo wà tí Rábí fi dìde láàárín àwọn obìnrin. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ ń rán tíṣà sí wa láti ìlú ńlá...”

“Rábíátù.” Bàbá rẹ̀ ni. “Jókòó. O ò rí i pé àwọn àlejò kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ ni?”

“Bàbá, wọn ò ní sùn.”

“Ta ló sọ fún ọ? Àwa tí a ti pọn omi ìwẹ̀ wọn. Jókòó, ọmọ mi.”

Rábí wo bàbá rẹ̀, ó wò mí, ó tún wo ìgbìmọ̀. Ó jókòó. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bu òkèlè.

“Ọmọ dáadáa ni,” ló wí. “Ẹ ti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́.”

Wọ́n jẹun yó, wọ́n fọwọ́, wọ́n dìde. Baálẹ̀ kò tilẹ̀ tètè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó rò pé wọ́n fẹ́ lọ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì ni.

“Ṣé ẹ ò ní sùn ni?”

“Ọ̀nà yín kò dára, Baálẹ̀. A fẹ́ dé Ìbàdàn kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó.”

Wọ́n ń lọ nìyẹn. Àwọn àgbà ìlú mi, àwọn tí mi ò rírú wọn mọ́ láyé yìí, ṣì kó iṣu sẹ́yìn ọkọ̀ fún wọn. Bàbá Rábí wà lára àwọn tó gbé e.

Kò pẹ́ tí rédíò fi kà á. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ dé ìlú wa, àwọn ará ìlú gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tó ta ko èrò ìjọba. Wọ́n á ti kọ́lẹ́ẹ̀jì wa pa, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní ìlú ńlá tó jìnnà réré. Iwájú ilé Bàbá Rábí la ti gbọ́ ọ. Ó sún mọ́ rédíò náà bí ẹni pé ó fẹ́ bá a jiyàn.

“Ṣùgbọ́n wọn ò tíì sùn,” ló wí. “Wọn ò sùn lọ́dọ̀ wa.”

Èmi wọ inú ilé lọ, mo sunkún.

Ọjọ́ tí wọ́n wá kó ẹrù kọ́lẹ́ẹ̀jì, a ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́, àgbẹ̀, ìyá arúgbó, gbogbo wa jókòó sójú ọ̀nà níwájú géètì. Lọ́rì ńlá dé, ọkọ̀ ọlọ́pàá ṣíwájú wọn. Bàbá Rábí dìde, ó tún fìlà ṣe, ó lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá.

“Ọ̀gá, ẹ kú ìrìn. Àwọn tó kọ́kọ́ wá, a fún wọn lóúnjẹ, wọn ò gbọ́ tẹnu wa. Lónìí a ò se nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ nìkan la ní.”

“Bàbá, wọn ò rán mi wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹrù ni wọ́n ní kí n wá kó.”

Ó ń gbìyànjú láti tún un sọ nígbà tí wọ́n yin tajútajú. Ọyẹ́ ń fẹ́ èéfín náà sí wa lójú, àwọn ìyá ń wá ọmọ wọn, wọ́n sì ń fi kóńdó lù wá. Mo rí i tí wọ́n fa Bàbá Rábí kúrò lójú ọ̀nà ní ọrùn ẹ̀wù, ọkùnrin tí n kò gbọ́ kó pariwo rí. Orí ilẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n fà á gbà. Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó tábìlì, wọ́n kó gbogbo ìwé tó wà ní yàrá ìkàwé, àní wọ́n yọ agogo tó ń pè wá wọ kíláàsì. Èmi àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ni wọ́n kó lọ sí àtìmọ́lé ní Ìṣẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n fi máa tú wa sílẹ̀, àwọn àna ti wá láti Òtù. Wọn kò bínú, wọn kò sọ ọ̀rọ̀ líle. Wọ́n kàn ní ọmọ àwọn ti dúró tó, àti pé ìlú ńlá tí ìjọba ní kí ìyàwó àwọn lọ yẹn, ta ló mọ̀ níbẹ̀? Bàbá Rábí náà kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Wọ́n so yìgì. Àwa ọkùnrin gbé àpótí wa, a lọ parí ẹ̀kọ́. Nínú àwọn ọmọbìnrin, àwọn tó lọ kò tó nǹkan.

Ẹ ní kí n sọ èrè tí a jẹ nínú ìjà náà. A kọ́ láti má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé rédíò. A kọ́ ẹgbẹ́ wa láti sọ tiwa kí wọ́n tó jókòó, ó sì ti gbà wá lọ́wọ́ ohun púpọ̀ láti ìgbà náà. Mo di tíṣà, mo di olórí ẹgbẹ́ olùkọ́, mo ti dúró níwájú ìgbìmọ̀ tí n kò lè kà tán, mi ò sì jẹ oúnjẹ wọn, mi ò fún wọn ní tèmi. Àwọn ilé tí a fi ọ̀wẹ̀ kọ́, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnikẹ́ni kò dá ilẹ̀ náà padà. Tíṣà tí wọ́n ń rán láti ìlú ńlá ṣì ń dé, wọ́n ṣì ń sá. Ìjọba ṣì ń jiyàn lórí iye ilé-ìwé gíga tó yẹ kó wà, bí ẹni pé iye ni ọ̀rọ̀, wọn ò bèèrè ọmọ ta ni kò ní lè débẹ̀. Ìyẹn ni gbèsè tí ẹ óò gbà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Èmi ti darúgbó.

Mo lọ kí Bàbá Rábí kó tó kú. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Rábí ti wá láti Òtù láti tọ́jú rẹ̀, ó ń sá èlùbọ́ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, nítòsí fèrèsé Bàbá. Bàbá di ọwọ́ mi mú pẹ́, ó wá bi mí.

“Gàníyù, ìwọ tí o mọ ìwà ìjọba. Ká ní mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣé wọn ò bá ti fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀?”

“Rárá, Bàbá,” mo ní. “Wọ́n ti pinnu kí wọ́n tó kúrò n'Íbàdàn. Kò sí ohun tí ì bá sọ tí wọn ì bá gbọ́.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run dá mi sí.

Rábí sìn mí dé ojú ọ̀nà. Ìyẹ̀fun èlùbọ́ wà lápá rẹ̀ títí dé ìgúnpá.

“Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi pa irọ́ yẹn fún Bàbá, Bọ̀dá Gàní.”

Mo ní irọ́ kọ́, pé bóyá òótọ́ ni, ta ló mọ̀.

“Ẹ̀yin náà kò mọ̀,” ó ní. “Èmi náà ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá wálé ni wọ́n máa ń bi mí, gbogbo ìgbà ni mo sì máa ń sọ ohun tí ẹ sọ yẹn. Ó ti rẹ̀ mí.”

Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó padà lọ yí èlùbọ́ rẹ̀.