Ọjọ́ Tí Màmá Mi Kúnlẹ̀ Tí Kò Lè Dìde

Ọjọ́ Sátidé tí màmá mi kúnlẹ̀ kí ẹni tó ti kú, nínú pálọ̀ wa ní Dagenham nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ni ọjọ́ tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Bùrọ̀dá mi, Dáyọ̀, ló gbé ẹ̀rọ VR wálé, awò ńlá kan tó máa ń bo gbogbo ojú, tó ń jẹ́ kó dà bíi pé ohun tí èèyàn ń wò wà níwájú rẹ̀ gan-an. Kí ìyá tó bí màmá wa tó kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn ará ilé ti ya fídíò wọn níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà; fídíò náà ni Dáyọ̀ fi sínú ẹ̀rọ yìí. Màmá ò lè lọ síbi ìsìnkú náà, torí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ìwé ìgbélùú.

"Àwòrán lásán ni o, mà," Dáyọ̀ sọ fún un, ó sì fi awò náà sí i lójú.

Màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sálúbàtà rẹ̀, tó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ kúulé, mà."

A kì í dìde níwájú àgbà tí kò tíì dáni lóhùn, nítorí náà kò dìde. Ó tún kí wọn.

"Wọn ò dá mi lóhùn," ó ní. "Wọ́n ń bínú pé mi ò wá sin àwọn."

Ẹ̀rù bà mí, mo bọ́ awò náà kúrò lójú rẹ̀. Inú awò náà ti rin gbingbin fún omijé.

"Màmá, ṣebí ẹ mọ̀ pé àwòrán ni?"

"Mo mọ̀," ó ní. "Orúnkún mi ni ò mọ̀."

Dáyọ̀ ti dá ẹ̀rọ náà padà fún ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí màmá láàárọ̀, orúnkún mi kì í tíì kanlẹ̀ tí màmá á ti dá mi lóhùn.