Agbon Tí Kò Ní Àmì

Bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Èmi ni mo kó o, mi ò sì tíì gbàgbé.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń ya fọ́tò ewéko, ẹyẹ àti kòkòrò fún iléeṣẹ́ kékeré kan ní Yábàá nígbà tí ọ̀gá wa ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da fọ́tò sínú rẹ̀. Ó ní kí n kó gbogbo fọ́tò wa wọlé, kí n sì tò wọ́n. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Oṣù méje ni mo fi jókòó tì í. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, màá tún iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ṣe.

Kọ̀ǹpútà náà kì í gbà ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ fún orúkọ fọ́tò kan, kò sì mọ àmì ohùn rárá. Lójú tirẹ̀, igbá àti ìgbà, ọ̀kan náà ni. Mo wá ṣe ìwé atọ́nà: orúkọ fọ́tò lápá òsì, ohun tó jẹ́ gan-an àti ibi tí mo ti yà á lápá ọ̀tún.

Ọjọ́ tí mo parí ni mo rí lẹ́tà tí ọ̀gá kọ sí àwọn kan tó ń ṣe ìwé fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n fẹ́ mú nínú fọ́tò wa, wọn yóò sì tẹ orúkọ ẹni tó yà wọ́n sábẹ́ wọn. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló ya gbogbo wọn. Ọkùnrin tí kò ya ju ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ lọ, tó sì gé orí ìyàwó dànù.

Mo lọ bá a. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ya àwọn fọ́tò yìí."

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Àǹtí, kámẹ́rà ta lo fi yà á? Ta ló ra fíìmù? Ti ọ́físì ni jàre."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ilé ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ náà, inú ń bí mi. Mo rántí ẹrẹ̀ tí mo rì sí dé orúnkún lẹ́yìn Ìdó nítorí lékeléke kan. Mo lè pa gbogbo fọ́tò náà rẹ́, ṣùgbọ́n èèyàn kì í pa ọmọ ara rẹ̀ torí kó lè bí ọ̀tá nínú. Ìwé atọ́nà ni mo padà sí. Mo yọ apá ọ̀tún rẹ̀ kúrò pátápátá. Mo gbé AGBON kúrò láàárín àwọn igi, mo tì í sáàárín AFOPINA àti AYAN, níbi tí àwọn kòkòrò wà. Mo kúnlẹ̀ fún ọ̀gá nígbà tí mo ń fún un ní ìwé náà. Ó dúpẹ́.

Àwọn oníwèé dé lọ́jọ́ Jímọ̀, ọkùnrin méjì àti màmá kan, ará Ìjẹ̀ṣà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo wà nídìí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi. Màmá fi ìka tẹ AGBON, lójú ewé ìwé náà tí mo ti ṣí sílẹ̀.

"Ẹ sọ fún wa nípa èyí."

Ọ̀gá wo orúkọ òkè rẹ̀, ó wo ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Agbọ́n nìyẹn, Mà. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa mí. Mo lúgọ dè wọ́n láàárọ̀ kan ní Bàdágírì, ni gbogbo wọn bá tú jáde. Ọ̀kan ta mí síbí." Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kí n tó rọra tẹ bọ́tìnì. Igi àgbọn mẹ́ta yọ sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n so jìngbìnnì.

Màmá yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Àgbọn ló ta yín lọ́rùn?" Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fi ìwé bo ẹnu. Màmá tún bi wá pé, "Ta ló ya àwọn fọ́tò yìí gan-an?"

"Èmi ni, Mà. Ẹ bi mí ní èyíkéyìí."

Ó bi mí ní mẹ́jọ, mo sì dáhùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Orúkọ mi ni wọ́n tẹ̀ sínú ìwé náà.

Ìyá mi ní ó tó bẹ́ẹ̀, kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Kò tó lójú tèmi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo gbé odidi àgbọn kan sórí tábìlì ọ̀gá. Nígbà tó rí i, ó pe gbogbo wa jọ.

"Iṣẹ́ ta nìyí?"

Gbogbo ọ́físì wolẹ̀, èjìká akọ̀wé ń mì fún ẹ̀rín. Èmi náà wolẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mi, èyí nìkan ni mi ò bá ẹnikẹ́ni du orúkọ lórí rẹ̀.