Ọjọ́ Tí Lọ́yà Àwọn Tálákà Fẹ̀yìn Tì

Ọjọ́ tí lọ́yà ìjọba tó ń bá tálákà rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìwó fẹ̀yìn tì ni n kò lè gbàgbé. Níbi ayẹyẹ náà, wọ́n ní kí àwọn tí lọ́yà ti gbà sílẹ̀ dìde. Kò sẹ́ni tó mira. Ta ló fẹ́ kí ará ìlú mọ̀ pé ọmọ òun ti ṣẹ̀wọ̀n rí?

Mo dìde. Ráṣídì ọmọ mi fà mí láṣọ: "Ìyá, ẹ jókòó, àna mi wà níbí!"

Mo ní, "Bí kì í bá ṣe lọ́yà yìí, níbo lo ò bá ti rí àna?"

Mo sọ bí wọ́n ṣe parọ́ olè mọ́ ọn, àti bí lọ́yà ṣe yọ ọ́ lẹ́wọ̀n.

Àna Ráṣídì, Alájì, dìde. "Ìyá, ẹ ṣeun. Lọ́yà yìí ló yọ ọmọ tèmi náà."

Ni wọ́n bá ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, lọ́yà nìkan ló kù tó jókòó.