Iyọ̀ Orí Òrùlé Ponnamma

Látìgbà tí dókítà ti ní Kuttappan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni Ponnamma ìyàwó rẹ̀ ti lé iyọ̀ kúrò nílé wọn ní Alappuzha, nílẹ̀ Íńdíà. Tòmátì orí òrùlé, tó gbìn sínú èérún èèpo àgbọn dípò erùpẹ̀, ló wá ń rọ. Etí ewé wọn ń jó. Ponnamma ní ebi ló ń pa wọ́n, ó sì ń da ajílẹ̀ olómi sí i ṣáá.

Kuttappan, tó fi ọgbọ̀n ọdún rẹ èèpo àgbọn sínú omi ọ̀sà oníyọ̀ láti fi ṣe okùn, ti ìka bọ omi tó ń ro lábẹ́ ìkòkò, ó lá a.

“Ìyá Bindu, iyọ̀ rèé! O ò fọ èérún yìí, ajílẹ̀ tún ń fi kún un. Èmi lo fi iyọ̀ dù, tòmátì lo wá ń fi í pa!”

“Iyọ̀ ló kúkú wà lọ́kàn yín, Bàbá Bindu.”

Síbẹ̀, Ponnamma bẹ̀rẹ̀ sí í da omi lásán sí i lójoojúmọ́ kó lè fọ iyọ̀ náà kúrò. Kuttappan ní òun á máa gbé oúnjẹ àárọ̀ òun lọ sókè, kóun lè máa tọ́ omi náà wò.

Lọ́jọ́ kẹfà, Ponnamma fúnra rẹ̀ tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ti tán pátápátá níbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ìkòkò: ìgò máńgòrò tí wọ́n rẹ sínú iyọ̀ ló bá níbẹ̀, Kuttappan ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.